Ilé Títà ní Ìkòsí: Ohun tí Ọ̀dà Kò Gbọdọ̀ Bò Mọ́lẹ̀

A sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń tún ilé ṣe fún ọkọ, fún ọmọ àti fún àlejò. Lónìí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi rìn dé Ìkòsí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí a jọ wo bí a ṣe ń tún ilé ṣe fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, ẹni tí yóò san owó, tí yóò gba kọ́kọ́rọ́, tí àwa yóò sì kó ẹrù wa jáde fún un. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni èyí, pé ilé àyágbé ni ẹ̀yin ṣì wà. Ẹni tí ń san owó ilé lónìí ni yóò ra ilé lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹni tí yóò sì ra ilé gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni tí ń tà á máa ń ṣe kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn fún àlejò.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́ta, tí ẹ dojú kọ ọ̀nà Ìkòròdú, ẹ óò máa gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́tọ̀ tí ń ké pe Kétu àti Mile 12, tí ń kìlọ̀ pé kí olúkúlùkù mú ṣéńjì lọ́wọ́. Ní Kétu, òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ti ọsàn ni yóò kọ́kọ́ kí yín, nítorí ọjà èso wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tún lọ síwájú díẹ̀, ẹ dé Mile 12 nìyẹn, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ńláńlá ti ń já tòmátò, àlùbọ́sà, tàtàṣé àti ata tí ó ti Òkè Ọya wá. Ọ̀pọ̀ nínú ọbẹ̀ tí a ń sè ní Èkó ni ó kọ́kọ́ gba ọjà yìí kọjá kí ó tó dé inú ìkòkò wa. Láti ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT ti ń ná Mile 12 sí Erékùṣù Èkó. Ní ọdún 2015 ni wọ́n sì fa ọ̀nà rẹ̀ dé Ìkòròdú. Ibi tí ọjà wà, tí ọkọ̀ wà, àwọn ènìyàn yóò fẹ́ gbé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé fi gbówó lórí níbẹ̀. Létí tèmi, orúkọ Kòsọ́fẹ́ pàápàá ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sọ pé kò sí ọ̀fẹ́. Ẹni tí ó bá ti wá ilé rà ní agbègbè náà kò ní bá mi jiyàn.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, tí ẹ ń rìn ní àwọn òpópónà ibẹ̀, ẹ óò rí ohun kan tí ó máa ń ya àjèjì lẹ́nu. Lára ọgbà ilé púpọ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa tàbí dúdú kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé ilé náà kì í ṣe títà, kí ènìyàn ṣọ́ra fún 419. Ìlà kan nínú ìwé òfin ọ̀ràn dídá ilẹ̀ wa ni 419 yìí. Òun ni ó sọ ìjìyà ẹni tí ó bá fi irọ́ gba ohun ìní ọmọnìkejì rẹ̀. Àwọn jìbìtì máa ń mú olùrà wá wo ilé onílé nígbà tí onílé kò sí nílé, wọn a sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onílé fi ń kọ ọ́ sára ògiri. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ti wà lára ọgbà ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyá Ìkòsí, fún ọdún méjìlélógún. Ilé náà gan-an ni wọ́n sì ní kí n wá tún ṣe fún títà ní ìparí ọdún 2023.

Ata ni Ìyá Ìkòsí ń tà ní Mile 12. Inú èrè ata ni ó ti ra ilẹ̀ náà ní ọdún 1986, ọdún mẹ́sàn-án ni ó sì fi kọ́ ọ. Ọdún kan, ìpìlẹ̀. Ọdún mìíràn, búlọ́ọ̀kù díẹ̀. Nígbà tí ọjà bá kùtà, iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 2001, ẹnì kan nínú àwọn ìbátan ọkọ mú olùrà wá wo ilé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí opó náà wà lọ́jà. Ohun tí ó gba ìyá yìí sílẹ̀ ni pé orúkọ tirẹ̀ ni ó wà lára ìwé ìsanwó ilẹ̀ àti ìwé sáfè. Ní ọjọ́ kejì ni ó pe pẹ́ńtà kí ó wá fi ọ̀dà pupa kọ àkọlé náà. Ẹ̀yin aya, ẹ fi èyí sọ́kàn: owó tí ẹ bá fi ra ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà lára ìwé rẹ̀, ìbáà ṣe orúkọ yín nìkan, ìbáà ṣe tiyín àti ti ọkọ yín papọ̀. Kì í ṣe àìgbọ́ràn sí ọkọ, ọgbọ́n ni.

Nígbà tí ó yá, eegun ìgbáròkó bẹ̀rẹ̀ sí í da Ìyá Ìkòsí láàmú débi pé kò lè gun òkè ilé mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀. Ìyá ní òun yóò ta ilé, òun yóò fi apá kan owó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, òun yóò sì fi ìyókù ra ilé kékeré alájà kan sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ rí i pé owó ilé yìí kì í ṣe owó fàájì. Ẹsẹ̀ tí ìyá yóò fi rìn ni. Nítorí pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, orí mi ni wọ́n da iṣẹ́ náà lé.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní òkè òkun. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Barb Schwarz ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́ láti ọdún 1972. Èrò rẹ̀ ni pé bí àwọn òṣèré ti ń tún orí ìtàgé ṣe kí àwọn òǹwòran tó wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí onílé tún ilé rẹ̀ ṣe kí olùrà tó dé. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n orí ìtàgé ní ohun tí a ń fi hàn, ó sì ní ohun tí a ń fi aṣọ bò. Ibi tí títún ilé ṣe ti parí, tí fífi aṣọ bò ó ti bẹ̀rẹ̀, ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ìdí sì nìyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Kí a tó mú ìgbálẹ̀, ìwé ni kí a kọ́kọ́ mú. A kó ìwé ìsanwó ilẹ̀ jọ, ìwé sáfè, ìwé tí ìdílé onílẹ̀ fi gbé ilẹ̀ náà fún wa, ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ àti rìsíìtì owó orí ilé tí ìjọba ń gbà. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ìtọ́jú gómìnà. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìwé C of O tí ó sì fẹ́ tà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Gbèsè iná àti owó àwọn akólẹ̀ PSP kò gbọdọ̀ kù sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún ni, ilé ẹbí ni, ẹnì kan kò lè dá a tà. Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa nígbà náà ti là á yé wa: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn wọ̀nyí lè mú kí ilé-ẹjọ́ tú títà náà ká, bí ẹlòmíràn bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òtúbáńtẹ́ ni títà náà.

Lẹ́yìn ìwé, àwọn ayálégbé. Ìsàlẹ̀ ilé Ìyá Ìkòsí ní yàrá méjì tí ó fi fún àwọn ayálégbé. Alágbàtà ní kí a sọ fún wọn pé kí wọ́n kó jáde kí oṣù tó parí, kí ilé lè fẹjú. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà bẹ́ẹ̀: oṣù mẹ́fà ni ó là sílẹ̀ fún ẹni tí ń san owó lọ́dọọdún, àfi bí àdéhùn mìíràn bá wà láàrin wọn. A fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n, a sì sọ fún olúkúlùkù olùrà pé àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀.

Nígbà náà ni iṣẹ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀. Láti òkè ni a ti ń gbálẹ̀ ilé títà, nítorí ìsàlẹ̀ ni eruku ń bọ́ sí. Ẹ fi ìgbálẹ̀ ọlọ́pàá gígùn gbá okùn aláǹtakùn kúrò ní àjà, ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ gíláàsì fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò rí i pé ìmọ́lẹ̀ inú yàrá yóò pọ̀ sí i láìná kọ́bọ̀. Ẹ túbọ̀ kó ẹrù tí ó pọ̀ jù: ìkòkò tí ó lu, ìwé ìròyìn àtijọ́, àwọn àpò Gáná-mọ́sì-gò tí ó kún orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tí ń wo ilé fẹ́ fi ọkàn to bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ síbẹ̀. Kò lè ṣe é bí ẹrù wa bá gba gbogbo ilẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó àti ti àwọn òbí wa tí ó ti lọ, ẹ rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ dì wọ́n. Ẹrù tí a kọ́kọ́ ń dì ni wọ́n, nítorí àwọn ni a kò lè rà mọ́.

Ní ti òórùn, ẹ má ṣe fi tùràrí lé e. Ẹ wá ibi tí ó ti ń wá. Ó lè jẹ́ ẹja gbígbẹ inú sítọ́ọ̀, ó lè jẹ́ sítóòfù tí ń jò, ó lè jẹ́ ẹní tí ó tutù, ó sì lè jẹ́ ṣọ́kàwéè tí ó kún. Bí ehu dúdú bá wà lára ògiri balùwẹ̀, ẹ po ife jíìkì kan mọ́ ife omi mẹ́sàn-án, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da jíìkì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé: afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde láti inú rẹ̀, ó sì lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró yín tàbí ti ọmọ ẹ̀yìn yín ní jàǹbá.

Ní ti ògiri tí ó ní ọ̀rinrin, tí ohun funfun bí iyọ̀ ń yọ lára rẹ̀, ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́, nítorí omi yóò tún yọ́ iyọ̀ náà wọ inú ògiri ni. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n kúrò. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wá, ẹ dí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ògiri gbẹ kí ẹ tó kùn ún. Ọ̀dà tí a kùn sára ògiri tútù kì í pẹ́ wú, a sì bó bí awọ ejò.

Ògiri yìí ni ó mú mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà. Ilé Ìyá Ìkòsí wà ní apá ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sí ọ̀nà Odò Ògùn. Odò yìí ti ọ̀nà jíjìn wá: apá òkè Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni orísun rẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń lọ wọ inú ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ìdídò ńlá sórí Ọ̀yán, tí Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí ṣí ní ọdún 1983. Ìdídò náà lè gba omi tí ó tó mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì. Bí òjò bá pọ̀ jù, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀ kí ìdídò má baà ya, omi náà a sì máa wá bá àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi yalé àwọn ènìyàn púpọ̀ ní agbègbè Àjẹgúnlẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Ìkòròdú àti Òwòdè títí dé ìtòsí Mile 12. Ní ọdún náà, omi dé ìdí fèrèsé pálọ̀ Ìyá Ìkòsí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi sùn lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí omi fà, ìlà pupa rúsúrúsú kan kù lára ògiri pálọ̀ yíká. Ìyá fi pẹ́ńsù kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ 2019 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì tún kọ 2022. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kun ògiri náà láti ìgbà náà.

Nígbà tí alágbàtà rí ìlà náà, ó kọ háà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dà bo nǹkan yìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a wà yìí, ilẹ̀ gbẹ gbòdògì. Ta ni yóò bi yín ní ọ̀rọ̀ omi?" Ó tún ṣírò owó fún mi: bí olùrà bá rí ìlà, iye owó yóò wálẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò gbà fún un. Mo sọ fún un pé irọ́ ni ọ̀dà náà yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí olùrà àkọ́kọ́ yóò wá, mo wo pálọ̀ náà tí ó mọ́ fíkán, mo wo ìlà náà, mo sì rántí ìgbáròkó ìyá wa. Mo pe ọmọkùnrin ayálégbé kan, èmi àti rẹ̀ sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù àwo tí ó ga sí iwájú ògiri tí ọdún náà wà lára rẹ̀, mo fa kọ́tìnì gígùn bo apá kejì. Mo gbé ìkòkò òdòdó ka orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sọ fún ara mi pé ètò yàrá ni mò ń ṣe, pé ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà nìyẹn. Ẹ ò rí i bí ìmọ̀ ṣe lè di aṣọ ìbòjú fún ẹni tí ó ni ín!

Ọ̀dọ́ ni àwọn tí ó wá náà, tọkọtaya. Ọkọ ń wo àjà, ó ń kan ògiri pẹ̀lú ọwọ́. Ìyàwó pọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ó wọ ilé ìdáná, inú rẹ̀ dùn. Ó dúró ní pálọ̀, mo sì rí i ní ojú rẹ̀ pé ó ti to àga tirẹ̀ síbẹ̀ ní ọkàn rẹ̀. Ìyá Ìkòsí jókòó sórí àga rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ìyàwó náà kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Mà, ẹ má bínú. Ṣé omi kì í wọ ibí?"

Alágbàtà ti la ẹnu. Ìyá na ọ̀pá rẹ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ fún ọkọ rẹ kó bá wa sún nǹkan yìí kúrò níbẹ̀."

Wọ́n sún un. Ìyàwó náà ka ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọwọ́ wọn ìlà òkè pátápátá sí ara rẹ̀. Ìbàdí rẹ̀ ni ó dé, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó pọ̀n wà. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ìyá wá ní, "Oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni ó máa ń wá. Kì í ṣe gbogbo ọdún. Ṣùgbọ́n bó bá máa wá, òru ló sábà máa ń wá, ìwọ á sì ti gbé ọmọ sùn." Ìyàwó náà dúpẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọn kò ra ilé náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Ìyá kò bá mi wí. Ìbá sàn fún mi kí ó bá mi wí. Ohun tí ó sọ ni pé, "Ìgbà tí mo ń ta ata, bí mo bá fi èyí tó dáa bo èyí tó ti rà nínú agbọ̀n, wọn á rà á lónìí. Ta ni wọ́n á rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la?" Mo rántí òwe àwọn àgbà pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òwe náà lè bá ilé mi wí tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo lé èké pẹ́ńtà lọ ni mo fi ọwọ́ ara mi to èké sí pálọ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Olùrà mẹ́ta mìíràn wá, wọ́n rí ìlà, wọ́n lọ. Ìgbáròkó ń dun Ìyá lójoojúmọ́, n kò sì ní purọ́ fún yín, àwọn òru kan wà tí mo ń ronú sí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọkùnrin kan tí ń ta igi pákó dé pẹ̀lú ẹnjinníà rẹ̀. Wọ́n wọn ìlà náà, wọ́n lọ wo gọ́tà àdúgbò, wọ́n sì ṣírò. Ó ní òun yóò sọ ìsàlẹ̀ ilé di ibi ìkópamọ́ sí, òun yóò gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, òun yóò sì máa gbé òkè. Iye tí ó san fi ìdámárùn-ún dín sí èyí tí a kọ́kọ́ pè. Ó tó fún iṣẹ́ abẹ. Ilé tí Ìyá rà ní Ìjẹ̀bú-Òde kéré sí èyí tí ó fẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì ní yàrá àlejò. Bí a bá lọ kí i, orí ẹní ni à ń sùn ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́jà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe sí ilé tí yóò ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀, títún ilé ṣe ni: gọ́tà tí ẹ là, páànù tí ẹ pààrọ̀, ògiri tí ẹ fọ̀. Ohunkóhun tí ó jẹ́ pé nítorí ojú olùrà nìkan ni ẹ ṣe ṣe é, tí yóò sì tú ní ọjọ́ tí ẹ bá kó lọ, ìbòjú ni. Bí ojú oórì bá wà nínú ọgbà, ẹ fi hàn án. Bí ẹjọ́ bá wà lórí ilẹ̀, ẹ sọ ọ́. Òfin pàápàá kò fojú rere wo ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ bo àbùkù mọ́lẹ̀. Olùrà lè pè é lẹ́jọ́ fún ẹ̀tàn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ ń rà, ẹ má ṣe jẹ́ kí òdòdó orí kọ́bọ́ọ̀dù dí yín lójú. Ẹ lọ wo ilé náà nígbà òjò, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá bí ó bá wà ní ìtòsí odò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ni, ẹ wo ìdí ògiri, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ara ọgbà àwọn aládùúgbò. Ìlà tí onílé kan kùn, aládùúgbò rẹ̀ lè má kùn ún. Ẹ gbóòórùn inú kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri. Ẹ bi ìyá tí ń ta àkàrà ní ìkóríta léèrè ibi tí omi dé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá kí ẹ tó san owó. Bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá sì wá fi ipá béèrè owó lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, ẹ mọ̀ pé òfin ìdáàbòbò ohun ìní tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2016 ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe tijú láti béèrè ìbéèrè tí ìyàwó kékeré yẹn béèrè lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n omi tí ẹlòmíràn ti dà síwájú dè wá ni kí a máa bi wọ́n léèrè.

Ní ọjọ́ tí a gbé kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, lẹ́yìn tí gbogbo ìwé ti ní ìbuwọ́lù, Ìyá ní kí a mú ọ̀dà díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì wá. Ó fi ọwọ́ kan di ọgbà mú, ó sì fi ọwọ́ kejì kun àkọlé pupa tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2001, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, títí ó fi parẹ́. Ọ̀dà kan ṣoṣo tí a kùn sí ilé náà nìyẹn. Ìlà inú pálọ̀, a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó rà á.